Kì í ṣe òfin 613 ni Júù kọ̀ọ̀kan ń pa mọ́ lójoojúmọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ̀wé pé gbogbo òfin 613 tó wà nínú Tórà, ìwé Mósè márùn-ún, ni Júù gbọ́dọ̀ pa mọ́ lójoojúmọ́, àti pé ẹnu lásán ni àdúrà wọn, kò kan ọkàn. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Iye yẹn tọ̀nà: Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn rábì Júù àtijọ́, ka 248 tó ní "ṣe é" àti 365 tó ní "má ṣe é". Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ mọ́ ẹbọ àti iṣẹ́ àlùfáà ní Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, tí àwọn ará Róòmù ti wó lulẹ̀ láti ọdún 70. Kò sí ẹni tó lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́ lónìí.

Ti ọkàn yẹn ló dùn mí jù. Bí Júù tó ń pa àṣà wọn mọ́ bá jí, kó tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pàápàá, ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba alààyè tó dá ẹ̀mí rẹ̀ padà fún un. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń ka Ṣemá, "Gbọ́, Ísírẹ́lì", tó wà nínú Diutarónómì 6:4. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń bo ojú, kí ọkàn rẹ̀ má baà ṣí kiri. Bó bá ka ẹsẹ àkọ́kọ́ yẹn láìfi ọkàn sí i, òfin wọn fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò tíì kà á. Àfi kó tún un kà. Kavanah ni wọ́n ń pe ìfọkànsí yìí.

Kódà korban, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹbọ, láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí "súnmọ́" ló ti wá; ọ̀rọ̀ sísúnmọ́ Ọlọ́run ni, kì í ṣe ti ẹnu lásán.