Tó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti ṣí aṣọ lójú katakata 2,000 tó ti orílẹ̀-èdè Belarus wá sí Àbújá, ọ̀rọ̀ katakata ló gba ẹnu àwọn olóṣèlú kan. Ẹni tó bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe fún àgbẹ̀, katakata ni wọn yóò fi dá a lóhùn.

Àwa tó ń kọ ojú ewé yìí kò bínú katakata. Ọkọ́ ti tẹ ẹ̀yìn àwọn òbí wa tó. Ìbéèrè kan ṣoṣo la ti ń bi ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́, a ò sì tí ì gbọ́ èsì rẹ̀: tó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Ilé àtúnṣe alágbèéká 12 ló bá àwọn katakata náà wá, páàtì sì wà nínú ẹrù. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 36 la ní, Àbújá ni ìkẹtàdínlógójì. Ẹ pín in fúnra yín: ilé àtúnṣe kan fún ìpínlẹ̀ mẹ́ta, katakata tó lé ní 160 lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ oko wa kún fún kùkùté, kò dà bí pápá tí wọ́n ti dán ẹ̀rọ náà wò. Bí irin ìtúlẹ̀ bá kán lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ṣé àgbẹ̀ yóò máa wo ọ̀nà títí ọkọ̀ àtúnṣe yóò fi ti ìpínlẹ̀ kejì dé ni?

Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Kò sí Ààrẹ tó gé ríbọ́ọ̀nù nítorí rẹ̀, síbẹ̀ ariwo rẹ̀ ló ń jí ọ̀pọ̀ abúlé alágààrí láàárọ̀. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu jálajàla ni, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré àti bẹ́líìtì. Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ọjà ló jó o pọ̀. Tó bá dákẹ́, òun náà ni wọ́n máa ké sí, yóò sì tún pariwo kí ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ tó bàjẹ́. Obìnrin tó ni ín kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n láti inú ìró rẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé bẹ́líìtì ti dẹ̀.

Ohun kan náà la ń wí nípa àwọn àkàndá ẹ̀dá, ibẹ̀ gan-an ló sì ń dùn wá jù. Ẹ̀yin náà ti rí ètò tí wọ́n ń pè ní ìrónilágbára. Àga onítáyà tò gbọọrọ lórí pápá, orúkọ ọlọ́lá wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n kan náà fún ọmọ ọdún méje àti fún géńdé. Àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni, orí ilẹ̀ dídán ló mọ̀ ọ́n rìn. Táyà kékeré iwájú rẹ̀ á rì sínú yanrìn, á há sí gọ́tà. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára, tó wá ń jókòó lórí àga tí kò ní timutimu tó yẹ, egbò ni yóò fi jẹ, egbò náà sì lè pa á. Èyí kì í ṣe awo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2008: ẹ wọn ènìyàn kí ẹ tó fún un ní àga, ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe lò ó, kí ẹ sì máa bá a tún un ṣe. Ọdún mélòó ni ìwé náà yóò tún fi gba eruku lórí tábìlì àwọn ọ̀gá wa? (Orúkọ olóṣèlú tó wà lẹ́yìn àga máa ń pẹ́ ju táyà rẹ̀ lọ. Ọ̀dà gidi ni wọ́n ń rà.)

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF, àjọ àgbáyé fún àwọn ọmọdé, jọ gbé jáde lọ́dún 2022 sọ pé àwọn tó nílò irú ohun èlò báyìí, láti orí awò ojú dé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, lé ní bílíọ̀nù 2.5 lágbàáyé. Láwọn orílẹ̀-èdè tálákà kan, mẹ́ta péré ló ń rí i nínú ọgọ́rùn-ún tó ń wá a.

Ní Jọ́ọ̀sì, ilé iṣẹ́ Beautiful Gate, tí Ayuba Gufwan tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú dá sílẹ̀, ń fi irin ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà. Kí ló dé tí àwa níbí kò lè ṣe irú rẹ̀? NCAM, ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ oko, wà ní Ìdófíàn lẹ́bàá Ìlọrin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Ẹni tó bá jí lọ láàárọ̀ lè ti ọ̀kan dé èkejì kó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n pe àwọn wẹ́dà, kí wọ́n pe àwọn àkàndá tó ń ṣe iṣẹ́ oko, kí gbogbo wọn jọ jókòó. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lè yan gààrí bí ẹlòmíràn, bí ààrò bá ṣe déédéé àga rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó jáákì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́. Irin díẹ̀ àti tépù ìwọnṣọ ni iṣẹ́ yẹn gbà.

Wọn yóò ní owó kò sí. Owó wà fún àgọ́, ó wà fún olórin àti fún ankara. Owó táyà ni kì í sí! Òfin tó ka dídẹ́yẹ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2019. Ọdún márùn-ún ló fún àwọn ilé ìjọba láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ó sì ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ lọ sí sẹkitéríàtì tó sún mọ́ yín, kí ẹ ka àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tí àwọn kọmíṣọ́nnà bá tún gbé ìṣúná wọn wá síwájú ilé aṣòfin, a ó wá owó àtúnṣe àti owó páàtì nínú rẹ̀, lábẹ́ ètò ọ̀gbìn àti lábẹ́ ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá. Ẹ̀ka tí a kò bá ti rí i, a ó tẹ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé yìí.