Ewé pa kòkòrò nínú àwo, ṣé ó parí nìyẹn?

Ẹ ó ti rí i kà lórí fóònù yín: "Wọ́n ti rí ewé tó ń pa bakitéríà tí apá oògùn ò ká mọ́!" Ẹni tó bá kà á á wá parí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: bí ewé bá lè pa á, kí la tún ń wá lọ́dọ̀ dókítà? Wọ́n á tún fi kún un pé bakitéríà ò lè borí ewé láéláé, torí ewé kì í ṣe kẹ́míkà. Ìdajì òótọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibi tí ìròyìn náà ti ń wá rèé. Wọ́n á da jẹ́lì sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á fi bakitéríà ra ojú rẹ̀, wọ́n á gbé ìwé róbótó kan tí kò ju èékánná lọ, tí wọ́n ti rẹ sínú omi ewé, lé e lórí. Tó bá di ọjọ́ kejì, bakitéríà á ti hù bo àwo náà bíi kùrukùru, àfi àyíká ìwé yẹn tó mọ́ kedere. Òótọ́ ni pé ewé ṣiṣẹ́. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni àyíká á mọ́ tí ẹ bá fi bílíìṣì rẹ ìwé náà, kò sì sẹ́ni tó ń bu bílíìṣì mu.

Orí ìwọ̀n ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Oògùn apakòkòrò gidi lè dá bakitéríà tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀ dúró pẹ̀lú máíkrógíráàmù kan péré nínú mìlílítà kan. Omi ewé lásán sábà máa ń gba odindi mílígíráàmù kan, ìyẹn ìlọ́po 1,000. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: gíráàmù 5 ògidì èròjà ewé gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tí ikùn àti ẹ̀dọ̀ bá ti gba tiwọn. Kó tó pa kòkòrò, ara wa náà á ti jẹ nínú ìyà ẹ̀. Allicin inú aáyù, tí wọ́n ti mọ̀ láti 1944 pé ó ń pa bakitéríà, kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rárá tó fi ń yí padà.

Ọ̀rọ̀ pé bakitéríà ò lè borí ewé ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà tó ń jẹ́ Berberis, tó ní èròjà apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní berberine. Àmọ́ bakitéríà kan tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus ní ẹ̀rọ kan lára awọ rẹ̀, NorA, tó ń da berberine síta bó ṣe ń wọlé, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó ń jò. NorA yìí kan náà ló ń da ciprofloxacin, oògùn ilé ìwòsàn, síta. Ewé àti oògùn, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀.

Igi náà ò sì gọ̀. Ní 2000, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó tún ní èròjà mìíràn tí kì í pa bakitéríà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dí ẹnu NorA, kí berberine lè ráyè. Ibi tí mo rò pé ìrètí wà nìyí: kí ewé bá wa gbé oògùn tó ti ń rẹ̀ dìde. Wọ́n ti ń wá irú adínu-ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ kò tíì sí ọ̀kan tó di oògùn tí dókítà lè kọ fún aláìsàn.