Èsì wa fún ẹni tó ra ilé bírò oní-bíríkì ìṣeré: ẹ má tíì ra súpà gúlù

Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbí láìfi ohunkóhun pamọ́. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ní ilé bírò, ìyẹn àpótí ìkó-bírò-sí tí ẹ fi bíríkì oníke wa tò, ya ní igun láti òkè délẹ̀ nígbà tí ọmọ yín fa sísọ́ọ̀sì yọ, pé dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ há, kò wọlé kò jáde, àti pé súpà gúlù lẹ máa fi lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gúlù sílẹ̀ ná. A rí ohun tó fa méjèèjì nínú àwòrán tí ẹ fi síbí, ìwé ìtọ́sọ́nà wa ló sì lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ògiri. Kókó ni orí róbótó tó yọ lórí bíríkì, òun la fi ń wọn nǹkan. Kókó 8 ni ilé bírò fi fẹ̀, kókó 8 náà ló fi lọ sẹ́yìn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń gba bíríkì oníkókó 4 mẹ́fà àti oníkókó 2 méjì. Ìlà 10 ni, ìyẹn oníkókó 4 ọgọ́ta àti oníkókó 2 ogún, gíga rẹ̀ á sì jẹ́ mìlímítà 96. Iye tí ẹ lò pé. Bí ẹ ṣe tò ó ni ìṣòro wà. Nínú àwòrán yín, ògiri iwájú àti tẹ̀yìn ló gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gbogbo ìlà, tí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kàn há sáàárín wọn. Ojú ìsopọ̀ wá to léra láti ìsàlẹ̀ dókè. Kò sí bíríkì kankan tó di igun mú. Ògiri mẹ́rin tó dá dúró ni, ìsàlẹ̀ nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ẹ wo bíríkìlà tó bá ń to búlọ́ọ̀kù níbikíbi ní Ìbàdàn: kò ní jẹ́ kí ojú búlọ́ọ̀kù méjì bára mu lórí ara wọn, àti ní igun, bí ti apá ọ̀tún bá gorí lónìí, ti apá òsì ló kàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe. Ní ìlà kìn-ín-ní, kí iwájú àti ẹ̀yìn gba igun, 4 àti 4. Kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà láàárín, 4 àti 2. Ní ìlà kejì, ẹ yí i padà: ẹ̀gbẹ́ ló máa gba igun, 4 àti 4, iwájú àti ẹ̀yìn á wá di 4 àti 2. Ìlà kẹta rí bíi ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òkè. Bí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ojú ìsopọ̀ ìlà kìn-ín-ní wà lẹ́yìn kókó 4, ti ìlà kejì wà lẹ́yìn kókó 1, 5 àti 7. Kò síbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé òmíràn lé e, pàápàá ní igun. Bí ẹ bá gbé e sójú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín ìlà méjì, kò tíì wọlé dáadáa.

Ti dúrọ́ọ̀: ẹ ní táìsì mẹ́rin tí kò ní kókó lórí ṣẹ́kù nínú ọ̀rá, ẹ rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Àwọn gan-an ni ojú ọ̀nà tí dúrọ́ọ̀ ń gbà. Ìbòrí orí dúrọ́ọ̀ ló bò wọ́n nínú àwòrán wa, ẹ ò lè rí wọn. Láìsí wọn, ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ ń gun orí kókó, ó sì ń wọ̀ mọ́ ọn bí bíríkì ṣe ń wọ̀ mọ́ra. Ẹ má fà á láti iwájú, ojú rẹ̀ á já. Ẹ ṣí ìbòrí, kí ẹ fi ìtú-bíríkì tó rí pẹlẹbẹ bíi ṣíbí gbé e láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ to táìsì gígùn 4 àti gígùn 3 tẹ̀ léra lẹ́bàá ògiri ọ̀tún, kí ẹ ṣe bákan náà lápá òsì. Bíríkì méjì péré ni kí ògiri dúrọ́ọ̀ ga; bí ó bá di mẹ́ta, kókó orí rẹ̀ á kan ìbòrí.

Gúlù kò lè tún igun tó to léra ṣe. Ó tún máa ń ṣàn sáàárín bíríkì, ìlà tó tẹ̀ lé e ò ní jókòó, á sì fi funfun sí i lára.

Ẹ béèrè bóyá Lego àtijọ́ ọmọ yín lè kún un. Ó lè kún un. Ìwọ̀n kókó kan náà ni, bíríkì Lego ti ọdún 1958 ṣì ń wọ ti òní. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, nítorí eruku ọyẹ́ tó bá di sínú ihò kì í jẹ́ kó wọlé. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni, kó má gbóná ju 40°C lọ, kí ẹ sá a síbi tí oòrùn kò sí.

Bí ẹ bá fẹ́ ki rúlà 30 sẹ̀ǹtímítà bọ ilé bírò, ẹ jẹ́ kó fara ti apá dúrọ́ọ̀. Ìsàlẹ̀ tí ilé bírò àti dúrọ́ọ̀ jọ jókòó lé gùn ní kókó 16 síhà ibẹ̀; bí ó bá fara ti ẹ̀yìn, kókó 8 péré ni, á dojú dé.

A ti tún ojú ìwé 4 àti 9 nínú ìwé ìtọ́sọ́nà yà. Ẹ̀dà yín wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú oníkókó 2 mẹ́rin bí ọ̀kan bá sọ nù nígbà tí ẹ ń tú u. Bí ẹ ò bá lè wá, ẹ kọ àdúgbò yín sí wa lórí WhatsApp, a ó fi ránṣẹ́. Bí dúrọ́ọ̀ bá ṣì há lẹ́yìn táìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gbé e wá bó ṣe wà, ká tò ó pa pọ̀ lójú yín.