Abọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Fojú Kan Omi

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n máa ń jí ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, kì í ṣe nítorí ìsìn, bí kò ṣe láti máa tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò kiri níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù láti inú búùtù ọkọ̀. Abọ́ gíláàsì ìgbà àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ń wá, èyí tí ère obìnrin kan dúró sí láàárín, tí aṣọ ọrùn rẹ̀ kò tó nǹkan, àfi bí ẹni pé òtútù Yorkshire ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kàn án. Bí uranium, èròjà kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ gíláàsì fún àwọ̀, bá wà nínú gíláàsì náà, yóò tan àwọ̀ ewé yòò lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì yìí, oníbàárà yóò sì dákẹ́ wẹ́lo kí ọlọ́jà má baà fowó lé e.

Kí wá ni ohun iyebíye yìí? Ilé iṣẹ́ Sowerby ní Gateshead, Bagley ní Knottingley àti Walther ní Jámánì ló ń da gíláàsì yíyọ́ nígbà náà sínú irin tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi irin mìíràn tẹ̀ ẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká iṣẹ́ Lalique, oníṣẹ́ gíláàsì olówó ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ló ń rà á nígbà náà. Lónìí, ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń gbé e.

Ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ ère àti abọ́ rẹ̀ o! Ère a máa yọ kúrò nínú abọ́, ọ̀kan a fọ́, èkejì a ṣẹ́kù, ọlọ́jà a sì gbé ère ará Jámánì sínú abọ́ ará Gateshead, a búra pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Olùkójọ, ìyẹn ẹni tó ń kó irú abọ́ yìí jọ, yóò dojú abọ́ dé, yóò wọn ìdí rẹ̀, yóò máa tú ìran rẹ̀ wò bí ìyá tó ń wádìí ìdílé ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àwọn ihò tó wà lẹ́sẹ̀ ère. Òdòdó ni wọ́n dá wọn sí fún: ẹ bu omi sí abọ́, ẹ ki òdòdó bọ ihò, ó parí. Ẹ wá dán an wò nílé ọ̀gá wa olùkójọ! Yóò ní omi a máa fi àmì funfun sílẹ̀, àmì a sì máa gé owó abọ́ wálẹ̀. (Àwa tí a ní àwo tí àlejò nìkan ń fi jẹun, ẹ jẹ́ ká rọra rẹ́rìn-ín.) Òdòdó tí ọmọ rẹ̀ rà wá fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà nínú ife ike ní ilé ìdáná, ó sì ti kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kó má gbé e sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.