Ta ló ní ọ̀mùtí nìkan ni àrùn ẹ̀dọ̀ ń mú?

Bí wọ́n bá ti ní ẹ̀dọ̀ lágbájá ti bàjẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni, "Àṣé ó ń mutí!" Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ. Lóòótọ́ ni ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ọtí nìkan ló ń ṣe é, kó wá gbọ́ iṣẹ́ tí dókítà kan tó ń jẹ́ Harvey Alter ṣe ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀dọ́ ni Alter nígbà tó ń ṣèwádìí ẹ̀jẹ̀ nílùú Bethesda, ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba, kó tó di ọdún 1965. Òun àti dókítà olùwádìí mìíràn, Baruch Blumberg, máa ń da ohun kan tó dì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á dá ihò kéékèèké sí i, wọ́n á kán omi tí wọ́n yọ lára ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sí ihò kan, wọ́n á kán ti ẹlòmíì sí ìkejì. Omi méjèèjì á rọra máa wọ́ lọ pàdé ara wọn. Bí ohun tí ara ẹnì kan ń bá jà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ láàárín wọn. Lọ́jọ́ kan, ìlà yọ. Omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìmọye ìgbà, ló pàdé ti ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó hàn pé èèpo ara fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B), ọ̀kan lára àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ni wọ́n rí yẹn. Blumberg gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976.

Alter kò dúró níbẹ̀. Ó ń tọpa àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún tí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀. Kó tó di 1970, nǹkan bí 30 nínú 100 wọn ló ń kó jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ẹ rò ó wò: wọ́n tọ́jú ọkàn wọn yè, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi dá ẹ̀mí wọn sí ló wá kó bá ẹ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí wọn ò ra ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á mọ́, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò fún B, ó dín kù gan-an, àmọ́ kò tán. Ní 1975, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé èyí tó kù kì í ṣe jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ A, ìyẹn irú mìíràn tí wọ́n ti mọ̀, kì í sì í ṣe B. Orúkọ tí wọ́n ń pè é náà nìyẹn títí di 1989, nígbà tí Michael Houghton àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí fáírọ́ọ̀sì náà mú, tí wọ́n sì pè é ní C. Alter, Houghton àti olùwádìí fáírọ́ọ̀sì kan, Charles Rice, ni wọ́n fún ní Nobel ní 2020.

Ìyá lè kó B ran ọmọ lọ́jọ́ ìbí. Abẹ́rẹ́ tí wọn ò sè dáadáa lè gbé C wọ ara ọmọdé. Ó lè pé 20 ọdún tàbí 30 kí ẹ̀dọ̀ tó fi hàn, láìsí ìrora, láìjẹ́ pé ojú pọ́n, nígbà tó bá sì máa hàn, ó ti lè di àpá tàbí jẹjẹrẹ. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2022, B wà lára 254 mílíọ̀nù èèyàn, C wà lára 50 mílíọ̀nù. Ọtí wo ni ọmọ ọwọ́ mu? Àmọ́ ẹni tó bá ti ní in tó tún ń mutí ń dá kún ìparun ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni àyẹ̀wò rẹ̀ gbà. B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ọmọ sì gba àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá bí i. C kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn oníhóró tó wà báyìí ń wò ó sàn lára èyí tó ju 95 lọ nínú 100 tó bá lò ó.

Mo mọ ìyá kan tí ọtí ò kan ètè rẹ̀ rí. Ọdún 2 gbáko ló fi ìwé àyẹ̀wò C rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, nítorí kò fẹ́ kí àwọn àna rẹ̀ pè é ní ọ̀mùtí. Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀sẹ̀ 12 ló fi lò ó tán.