Télọ̀ kì í rán sísọ́ọ̀sì mọ́ aṣọ oníbàárà

Ẹ̀sùn tí mo máa ń gbọ́ sí àwọn ará Debian, àwọn tó ń ṣe ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà Linux kan, ni pé wọ́n ti ń pín package, ìyẹn àpò fáìlì tí à ń fi sórí kọ̀ǹpútà, jù. Ohun kan ṣoṣo, wọ́n á sọ ọ́ di mẹ́rin. Èmi náà ti bá wọn bú u rí. Mo ti ronú pìwà dà.

Mo fẹ́ build ètò kan (kí n sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tó ń ṣiṣẹ́) fún Raspberry Pi mi, kọ̀ǹpútà kékeré kan. Tí mo bá ní kí Pi fúnra rẹ̀ ṣe é, ilẹ̀ á ṣú, á ṣì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Laptop mi lágbára jù ú lọ, àmọ́ irú chip amd64 ni, arm64 ni ti Pi. Chip méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Kí laptop tó lè build é fún Pi, library (kóòdù tí àwọn ètò jọ ń lò) ti méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Láti Wheezy, lọ́dún 2013, ni multiarch, ọ̀nà tí library oríṣi chip méjì fi ń gbé orí ẹ̀rọ kan, ti wà nínú Debian. Library ti amd64 ń gbé /usr/lib/x86_64-linux-gnu, ti arm64 ń gbé /usr/lib/aarch64-linux-gnu, kò sẹ́ni tó ń du àyè mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ia32-libs, package ńlá tí wọ́n ń kó library 32-bit sí láyé àtijọ́, jìyà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn fáìlì tí kò sí nínú yàrá méjèèjì yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n kọ Multi-Arch: same (a lè fi ti chip méjèèjì sórí ẹ̀rọ kan, àmọ́ fáìlì tí wọ́n bá jọ ní gbọ́dọ̀ rí bákan náà) sára package kan, wọ́n wá ki ohun èlò kan tó ń lọ sí /usr/bin bọ inú rẹ̀. Báwo ni ti amd64 àti ti arm64 ṣe fẹ́ rí bákan náà? dpkg, ètò tó ń fi package sórí ẹ̀rọ, wò ó, ó kọ̀ jálẹ̀. Mi ò bá a wí.

Library tó máa bá ètò mi ṣiṣẹ́ lórí Pi, aṣọ oníbàárà nìyẹn. Ohun èlò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lórí laptop, sísọ́ọ̀sì tèmi ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n pín wọn sí package ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe GLib, library kan tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò: àwọn ohun èlò rẹ̀ glib-mkenums àti gdbus-codegen ò sí nínú libglib2.0-dev mọ́, package ọ̀tọ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí -dev-bin ni wọ́n kó wọn sí.

Òótọ́ ni pé ó ní ìnira tiẹ̀. Package tuntun gbọ́dọ̀ gba NEW, ìlà tí wọ́n ti ń yẹ package tuntun wò, kọjá, ẹni tó bá ti tò síbẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí. Tó bá sì jẹ́ pé àsìkò tí gzip, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, tẹ̀ sórí fáìlì ìwé àlàyé nìkan ló fa ìyàtọ̀, ẹ má pín nǹkan kan, ẹ fi gzip -n dì í.

Mo ti fi patch, ìyẹn àtúnṣe kóòdù, ránṣẹ́ sí ẹni tó ni package tó dá mi dúró. Ìlà mọ́kànlá péré ni. Mo ṣì ń retí èsì.