Owó Ọkọ̀ Adìyẹ

(Ọjà Ìpàtà, Ìlọrin. Ìyá Aládìyẹ ń di ẹsẹ̀ adìyẹ mẹ́ta pọ̀ fún Mùfú.)

ÌYÁ ALÁDÌYẸ: Mùfú, adìyẹ mẹ́ta péré fún ìkómọ! Ahun ti gbà ọ́.

MÙFÚ: Kì í ṣe ahun, Ìyá. Àwọn àna mi nìkan ni yóò jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wo Dominion, fíìmù tí wọ́n gbé jáde ní Ọsirélíà ní ọdún 2018, tí wọ́n fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ya ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn oko ẹran ńláńlá, ni ẹran ti sú mi.

ÌYÁ ALÁDÌYẸ: Kí ni wọ́n rí níbẹ̀ tí kò sí ní Ìpàtà?

MÙFÚ: Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sàba lé ẹyin, bí òròmọdìyẹ bá ti jáde, wọn a dà wọ́n sórí bẹ́líìtì tí ń yí, wọn a sì ya akọ kúrò lára abo. Akọ, tí kò lè yé ẹyin, tí irú rẹ̀ kì í sì í yára sanra, ni wọ́n ń jù sẹ́nu ẹ̀rọ tí ń lọ nǹkan kúnná, láàyè, ní ọjọ́ tí ó dáyé gan-an.

ÌYÁ ALÁDÌYẸ: Astagfirullahi! Àwa tí Àfáà ní kí a má pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran! (Àánú tòótọ́ ni ó ń ṣe é, kí a má parọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ju ọwọ́ ni àwọn adìyẹ tí ó dorí wọn kodò ń fì, tí ọ̀kan ya ẹnu sílẹ̀, tí ogbe rẹ̀ sì ti ń dúdú.)

MÙFÚ: Jámánì ti fòfin dè é láti ọdún 2022.

ÌYÁ ALÁDÌYẸ: Wọ́n káre. Ẹni tí ó bá fìyà jẹ adìyẹ, Ọlọ́run yóò bi í.

MÙFÚ: Ìyá, àwọn ti ọwọ́ yín ńkọ́?

ÌYÁ ALÁDÌYẸ: Àwọn wọ̀nyí? Wọ́n ń sinmi ni. O kò rí i bí wọ́n ti dákẹ́?

MÙFÚ: Wọn kò rí èémí mí ni wọ́n fi dákẹ́. Adìyẹ kò ní awọ tí ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn bíi tiwa, nítorí náà bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ìfun a wọ́ lé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

ÌYÁ ALÁDÌYẸ: (ó yára gbé wọn nàró) Ọlọ́kadà! Gbé oníbàárà mi lọ sí Sábó-Òkè. Má so adìyẹ wọ̀nyí kọ́ o. Jíjókòó ni wọn yóò jókòó.

ỌLỌ́KADÀ: Kò burú, Ìyá. Owó èrò mẹ́rin ni.

MÙFÚ: Mẹ́rin báwo?

ỌLỌ́KADÀ: Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ó bá rọ̀, ẹrù ni. Èyí tí ó bá jókòó, èrò ni.

MÙFÚ: (ó wo adìyẹ, ó wo àpò rẹ̀) Ìyá, Sábó-Òkè kò kúkú jìnnà. Ṣé okùn yẹn ṣì le?